Ìyẹ̀fun Kò Gbọdọ̀ Wú Kí Ọ̀gá Tó Dé

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan jókòó lé, torí oyè rẹ̀ nìkan á mú wa pẹ́ díẹ̀. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àjọ Tó Ń Ran Àwọn Oníṣẹ́ Kéékèèké Lọ́wọ́. Èyí tí ìjọba fún un nìyẹn. Àwọn tó fún ara rẹ̀ ni Baba Oníṣẹ́ Ọwọ́, Òpó Ọrọ̀ Ajé, Ìmọ́lẹ̀ Inú Ìsọ̀, àti Agbénidé-má-gbowó-ọ̀yà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn kún, wọ́n kọ ìyókù sára ògiri. Àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ní kó máa ràn lọ́wọ́ kò ráyè há gbogbo ìyẹn sórí. Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Ìdí orúkọ náà kò jìnnà. Ọkùnrin yìí gbà pé bí èèyàn bá ṣe tóbi tó ló ṣe yẹ kó pẹ́ dé tó. Òṣìṣẹ́ lásán ni í dé lásìkò. Ọ̀gá a pẹ́ wákàtí kan, ọ̀gá àgbà a pẹ́ méjì. Òun tó wá jẹ́ àgbà pátápátá, mẹ́ta géérégé ni tirẹ̀, kì í dín. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án, á ti wọ mọ́tò láago mẹ́jọ ààbọ̀, torí kì í ṣe ọ̀lẹ, á wá ní kí dírẹ́bà máa wa òun yípo ìlú títí aago yóò fi lu méjìlá. Ìlú náà kò sì tóbi. Wọ́n á gba iwájú gbọ̀ngàn ìpàdé kọjá bí ìgbà mẹ́jọ. Àwọn tó ń dúró dè é nínú oòrùn á juwọ́ sí i, òun náà á juwọ́ sí wọn, mọ́tò á sì tún kọjá lọ.

Ní gbogbo àkókò tó fi ń yípo yìí, akọ̀wé rẹ̀ ni yóò máa pè é lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbọ́dọ̀ wí pé, "Sà, gbogbo ayé ti pé, ẹ̀yin nìkan là ń retí." Ayé ì báà pé, ì báà má pé, bẹ́ẹ̀ ni yóò wí. Lọ́jọ́ kan ó ní gbogbo ayé ti pé, wọ́n débẹ̀, ewúrẹ́ kan ló ń sùn lórí àga iwájú. Ọ̀gá ò bínú. Ọ̀wọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó kàn kọ́gbọ́n níbẹ̀ ni: bí Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá ní ẹnì kan ti dé, ẹni náà ò tíì dé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn jù ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó kan tó ní ilé búrẹ́dì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ààrò kan ló ní, tábìlì gígùn kan, páànù bí àádọ́ta, àti apá méjì tí Ọlọ́run fún un. Ogún ọdún ló fi apá yẹn po ìyẹ̀fun. Lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún ní ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá tún fi èjìká yìí po ìyẹ̀fun fún ọdún kan sí i, ẹ ò ní lè fi gbé ṣíbí dẹ́nu mọ́." Láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a pò ó. Ọmọ náà já fáfá, àmọ́ kì í ṣe búrẹ́dì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń fẹ́. Wọ́n ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, kò lè lọ, torí ta ni yóò po ìyẹ̀fun? Wọ́n tún gbà á lọ́dún yìí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ gbangba pé bí kò bá yọjú ní Mọ́ńdè tí àwọn dá, àyè náà ti di ti ẹlòmíràn, kó má sì tún kọ̀wé sí àwọn mọ́.

Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ní ẹ̀rọ, títí kan ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó gba ọ́fíìsì àjọ lọ. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló bá nídìí tábìlì.

"Ẹ ó mú ìwé méjì wá, ìyá," Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Àkọ́kọ́, ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ yín ń lọ dáadáa, torí ìjọba kì í ran òkú lọ́wọ́. Ìkejì, ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ yín ti ń kú lọ, torí ìjọba kì í ran ẹni tó ti yó."

"Ṣé kí ẹni méjì kọ ọ́ ni, sà?"

"Rárá o. Ẹnì kan náà ni kó fọwọ́ sí méjèèjì, kí awuyewuye má baà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ya fọ́tò tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín ọpẹ́."

"Ẹ ò sì tíì fún mi ní nǹkan kan."

"Ìdí tí a fi fẹ́ rí fọ́tò náà nìyẹn. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó lè rín in bí ọjọ́ bá pé."

Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò náà jọ ti ẹni tí eyín ń dùn, síbẹ̀ àjọ gbà á.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é sí gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀rọ náà rèé lórí pèpéle, funfun báláú, ó ga tó àyà èèyàn, agbada ìpo-ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dán, wọ́n sì fi rìbọ́nù búlúù dì í. Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ òsì kan agbada náà, ó ń rò ó lọ́kàn pé, apá mi, o ti bọ́. Láago méjìlá géérégé, Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà wọlé pẹ̀lú fèrè mọ́tò méjì, ó sì gba ẹ̀rọ amóhùndún.

"Ẹ̀yin èèyàn mi tí mo fẹ́ràn ju oorun ojú mi lọ," báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, "ẹ má rò pé ẹni gíga ni mo jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n bí mi sí. Omi tí wọ́n fi kọ́kọ́ wẹ̀ mí, omi ìpo-búrẹ́dì ni. Títí di òní, bí mo bá húkọ́, ìyẹ̀fun ló ń jáde."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sì sí ẹni tó bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, níwájú àwọn aránṣọ, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n bí i sí. Àwọn káfíńtà ńkọ́? Orí èèpo igi ló ti rákòrò. Obìnrin tó bí ọmọ yìí rìn o. Wọ́n ya fọ́tò Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ga tó fèrèsé, gbogbo rẹ̀ sì parí. Ó jáde síta pé kóun wá ẹni tó máa bá òun gbé ẹ̀rọ, ló bá rí i tí wọ́n ń gbé e sínú lọ́rì àjọ.

"Sà, ẹ̀rọ mi nìyẹn," ó wí fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

"Tiyín ni, ìyá, ta ló ń bá yín du ú? Ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ìlú kejì, kí wọ́n lọ fún yín níbẹ̀."

"Fún èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré lè gbàgbé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí pe òpùrọ́. Wọ́n fún un ní ìlú kejì. Wọ́n tún fún un ní ìlú kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni lọ́rì gbé e lọ. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta wà lára ògiri rẹ̀, ìyẹ̀fun ò sì yé wà lápá ọmọ rẹ̀. Nínú ìròyìn tí àjọ ń kọ sókè, ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ti di ogójì. Ó ń bímọ lójú ọ̀nà ni, àfi bí eku.

Ìròyìn dídùn yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Mínísítà kà á, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ọ̀kan lára ogójì ẹ̀rọ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó mú Fúráìdé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Jìnnìjìnnì bo àjọ. Wọ́n sáré gbé ẹ̀rọ wá sí ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún rìbọ́nù rẹ̀ so, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án àfi Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. Wọ́n wá mú ìyá náà lọ sí ọ́fíìsì kí Ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ fún un ní àṣẹ.

"Ìyá," Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà wí, láti orí àga tó ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, "ìyẹ̀fun pípò gbọ́dọ̀ wà nínú agbada ẹ̀rọ yẹn láago mẹ́sàn-án, kó tutù, kó dán, kó ní ọ̀wọ̀. Bí mo bá dé, n óò tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á yí, Mínísítà á rí i."

"Sà, aago mélòó lẹ ó dé?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wúkọ́. A kì í bèèrè irú ìyẹn.

"N óò dé ní àsìkò tó bá mi mu," Ọ̀gá wí.

"Mo bèèrè ni, sà, torí ìyẹ̀fun tí èèyàn bá ti pò kì í dúró. Wíwú ló ń wú. Wákàtí kan, méjì, ó ti tó wọ inú ààrò nìyẹn. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á wó lulẹ̀, á kan, adìẹ ò ní jẹ ẹ́."

"Ta ló jù nínú èmi àti ìyẹ̀fun?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló wá yẹ kó dúró de ẹnì kejì?"

"Òun ló yẹ kó dúró dè yín, sà. Ṣùgbọ́n kò ní dúró. Yíìsì ti wà nínú rẹ̀."

"Yíìsì? Ta ni ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ni?"

Ọkùnrin tí wọ́n bí sórí àpò ìyẹ̀fun ló ń bèèrè o. Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣàlàyé, Ọ̀gá sì fetí sí i bí adájọ́ ṣe ń fetí sí olè. Nígbà tó parí, Ọ̀gá ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà mú gègé, ó sì pe àṣẹ kan jáde, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀: "Ìyẹ̀fun tí a bá pò fún ayẹyẹ yìí kò gbọdọ̀ wú kí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá tó dé. Èyí tó bá wú ṣáájú, ẹni tó pò ó ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà fún obìnrin náà ní ìwé àṣẹ náà, ó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kúrò. "Bí Mínísítà bá bi yín, ọdún kan lẹ ti ń lo ẹ̀rọ yìí. Òṣìṣẹ́ méjìlá lẹ ti gbà sí i. A ó kó àwọn méjìlá náà wá."

"Bí ayẹyẹ bá wá parí ńkọ́, sà? Ṣé ẹ̀rọ á dúró?"

"Lọ́rì á wá gbé e láago mẹ́ta. Ìlú kan tún kù."

Mọ́ńdè ọmọ rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin náà délé. Ọmọ rẹ̀ ń fọ páànù. Àpótí tó fẹ́ gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tíì di nǹkan kan sínú rẹ̀.

"Màámi, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ìyẹ̀fun má wú."

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún wo ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, Màámi. N óò kọ̀wé sí wọn pé mi ò lè wá."

"Má tíì kọ ọ́," ìyá rẹ̀ wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ò mọ ohun tó ń dúró dè.

Ní àárọ̀ Fúráìdé, tìyátọmọ fọwọ́ po ìyẹ̀fun, torí wọn ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ. Láago mẹ́jọ ààbọ̀ wọ́n kó o sínú agbada ẹ̀rọ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Iná ààrò ti ń jó, ilé ti móoru. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá dé nínú fìlà funfun tí wọn kò tíì gé owú rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ àwọn tí àjọ máa ń kó kiri láti pàtẹ́wọ́. Láago mẹ́sàn-án, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí ẹnikẹ́ni, mọ́tò kan ṣoṣo dúró níwájú ilé. Kò fun fèrè. Mínísítà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni Mínísítà o. Ó ní ìpàdé mìíràn láago méjìlá ni, kò sì jẹun kó tó jáde. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bọ́ sórí àga ọlọ́lá tí wọ́n gbé wá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ń làágùn. Ó sá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Sà, Mínísítà ti dé."

"O ṣeun," Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà dáhùn, ó sì pa fóònù.

Aago mẹ́wàá lù. Aṣọ funfun orí agbada ti ga sókè bí fìlà. Mínísítà ti ka ìwé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú sí Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Ìyá, láti ìgbà wo lẹ ti ń lo ẹ̀rọ yìí?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀yìn Mínísítà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ obìnrin náà wà lẹ́nu rẹ̀, kó sáà tú u jáde ló kù. Bí ó bá parọ́, lọ́rì ń bọ̀ láago mẹ́ta. Bí ó bá sòótọ́, lọ́rì náà lè tètè dé jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì ní kò moore. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró létí ààrò, tí ìyẹ̀fun dé e nígbọ̀nwọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó wá la ẹnu.

"Mi ò tíì lò ó rí, sà. Wọ́n ti fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ èmi àti ọmọ mi la fi po èyí tó wà nínú rẹ̀ yẹn. Àwọn tó wọ funfun yìí, mi ò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn."

Ẹ̀yin náà ti ń retí kí Mínísítà dìde, kó lu tábìlì, kó bínú nítorí àwọn mẹ̀kúnnù, àbí? Ẹ máa retí. Mínísítà yán. Ó ní, "Hẹn. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀," ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn obìnrin náà já. Ó rò ó pé òun ti ba tọmọ jẹ́ lásán.

"Ọ̀gá yín yìí dà gan-an?" Mínísítà bèèrè. "Ẹ pè é, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà pè é. Mínísítà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta, ó sì fi sórí tábìlì.

"Sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, "Mínísítà ti ń dúró dè yín láti aago mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni lónìí, sà."

Ohùn Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà kún inú ilé búrẹ́dì. "Irọ́ rẹ ti ga dé orí Mínísítà báyìí? Mo fẹ́ràn rẹ, o ń gbìyànjú. Bí ó bá tiẹ̀ ti dé, kó jókòó. Ta ni Mínísítà? Mínísítà á wá, Mínísítà á lọ, èmi ni mo wà níbí. Dírẹ́bà, tún yà sọ́tùn-ún."

Háà. Ẹ bá mi wo ojú Mínísítà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan di ogójì, ó yán. Wọ́n ní opó gba ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀mẹta kò rí i lò, ó wo aago. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kó jókòó, kó dúró de ẹlòmíràn! Ìwà ìbàjẹ́ wá di ohun tí ìjọba kò lè fojú fò dá. Irun orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

Àkókò yẹn gan-an ni ìyẹ̀fun kò lè fara dà á mọ́. Ó tú aṣọ funfun dànù, ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ agbada kọjá, ó sì dì mọ́ rìbọ́nù búlúù náà.

"Ìyá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ó ti yẹ kó wà nínú ààrò."

"Kí ni ẹ wá ń dúró dè?"

Obìnrin náà mú ìwé àṣẹ olóǹtẹ̀ wá láti orí àpótí. Mínísítà kà á. Ó tún un kà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wá ká ìwé náà, ó fi sápò.

"Ẹ gé rìbọ́nù yẹn," ó wí. "Ebi ń pa mí."

Ọmọ obìnrin náà fi ọ̀bẹ ìgé-ìyẹ̀fun gé e. Wọ́n ní kí àwọn méjìlá bá wọn kó ìyẹ̀fun sí páànù. Ọ̀kan ń fún un bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, ìkejì gbé tirẹ̀ sáyà bí ọmọ ọwọ́, àwọn yòókù sì pàtẹ́wọ́, torí ìyẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Tìyátọmọ ló parí rẹ̀. Nígbà tí búrẹ́dì jáde, Mínísítà jẹ odindi kan pẹ̀lú bí ó ṣe gbóná. Ó ní kí akọ̀wé òun mú ìwé wá, ó kọ lẹ́tà méjì lórí eékún rẹ̀. Ó fún Ìyá Oníbúrẹ́dì ní méjèèjì. "Èyí jẹ́ tiyín, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kúrò níbí. Èyí jẹ́ ti ọ̀gá yín. Ọwọ́ yín ni kó ti gbà á." Ó tó aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà ka tirẹ̀. Ó fún ọmọ rẹ̀ kà, ó gbà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó pẹ́ tó ti sunkún ayọ̀ gbẹ̀yìn.

Láago méjìlá géérégé, fèrè mọ́tò méjì ké. Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù funfun tí wọ́n rán fún ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mínísítà ńkọ́?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ó ti wá, ó sì ti lọ, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó mọ akọ̀wé rẹ̀ dáadáa. Bí Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá ní ẹnì kan ti dé, ẹni náà ò tíì dé. Tó bá wá ní ó ti dé, ó tún ti lọ, á jẹ́ pé onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ sòkòtò nílé. Ó ní, "Ó dára. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ńlá tó báyìí ni. Ó ju wákàtí mẹ́ta mi lọ. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un, ká dúró dè é." Ó sì wọlé, ó jókòó sórí àga ọlọ́lá, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà fún un. Kò wò ó. "Ìyá, èmi kì í gba ìwé lọ́wọ́ olùbẹ̀wẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ní Túsìdé, ẹ̀dà mẹ́ta."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kà á."

"Mo ní Túsìdé."

Ìyá náà kúkú ti wí tirẹ̀. Obìnrin náà fi lẹ́tà sórí tábìlì, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà nílẹ̀, omi wà, yíìsì wà. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì ń po ìyẹ̀fun bí ẹni pé kò sí ohun tó rọrùn tó o láyé. Obìnrin náà káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò ó. Ọmọ rẹ̀ náà dúró tì í, kò rí nǹkan fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lórí àga lọ́hùn-ún, Mo-Ń-Bọ̀-Lọ́nà ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà wúyẹ́wúyẹ́, ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá eruku mọ́tò ti yọ lójú ọ̀nà. Aago kan lù, méjì lù. Àwọn méjìlá ti bọ́ fìlà, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì yó, wọ́n ti lọ.

Láago mẹ́ta, lọ́rì àjọ dé. Dírẹ́bà rẹ̀ wọlé pẹ̀lú okùn léjìká, ó ní òun wá gbé ẹ̀rọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì na lẹ́tà tirẹ̀ sí i. Dírẹ́bà náà kà á sókè, torí bí kò bá kà á sókè kì í yé e: "Mo pàṣẹ pé ẹ̀rọ yìí ti di ti ìyá yìí títí láé. Mínísítà." Ọ̀gá gbọ́ orúkọ náà, ó fò dìde. Ó rí lẹ́tà kejì lórí tábìlì, ó já a. Kò gùn. Ó ní kó má padà sí ọ́fíìsì mọ́, kó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ fún akọ̀wé rẹ̀.

Ó jókòó padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti rọra na ọwọ́ síta láti gba kọ́kọ́rọ́. Kóòtù funfun náà wá tóbi jù ú lọ lójijì, àánú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Ìyá," ó wí pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "ṣé lóòótọ́ ló wá?"

"Ó wá, sà. Aago mẹ́sàn-án ló dé."

"Nígbà tó fẹ́ lọ, kò bèèrè mi? Kò ní kí ẹ kí mi, tàbí kí n wá rí òun, kí n wá ṣàlàyé?"

Obìnrin náà rò ó wò. Ó lè fi irọ́ kékeré kan tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín fọ́tò fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó.

"Rárá, sà, kò bèèrè yín. Búrẹ́dì ló bèèrè, bóyá ó ṣẹ́ kù. Mo fún un ní méjì, ó gbé e lọ."

Ó yí padà sídìí ẹ̀rọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó kúrò nínú ooru, kó lọ di àpótí rẹ̀.